Igi Rẹ̀ Ṣeé Gé, Ilẹ̀ Rẹ̀ Kò Ṣeé Gbẹ́

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbé ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ló kọ̀wé sí mi. Ó ní:

"Ọdún 27 ni mo fi wa bọ́ọ̀sì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì ni. Èmi àti ìyàwó mi rí igbó kékeré kan tí wọ́n fẹ́ tà, éékà 4, ní East Sussex. Ẹni tó ń tà á ní ancient woodland ni. Ó wù wá gan-an, àmọ́ inú rẹ̀ rí jágbajàgba: igi tó ti wó ń jẹrà nílẹ̀, ẹ̀gún wà káàkiri, àwọn igi kan sì hù jọ sójú kan bí ọwọ́ ìgbálẹ̀. Mo fẹ́ fi owó ìfẹ̀yìntì mi rà á, kí n ro ó mọ́, kí n kọ́ yàrá kan síbẹ̀, kí n gbin ilá àti ẹ̀fọ́ díẹ̀, kí n máa ta igi ìdáná. Àwọn ọmọ mi ní orí mi ti yí. Kí lẹ rí sí i?"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfẹ̀yìntì o. Orí yín kò yí rárá. Ó ti lé ní 20 ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nínú igbó ní Kent àti Sussex, mo sì ti rí ẹni tó fi owó ìfẹ̀yìntì ra ohun tó burú ju igbó lọ. Tí kò bá jẹ́ owó oúnjẹ lẹ fẹ́ ná, ẹ rà á. Ṣùgbọ́n nínú nǹkan mẹ́rin tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, mẹ́ta kò ṣeé ṣe níbẹ̀. Ìkẹrin ló kù, òun náà sì ní òfin tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ ancient yẹn ni ká kọ́kọ́ tú. Ní England àti Wales, igbó tó ti wà lójú kan náà láti ọdún 1600, tí wọn kò sọ di oko láti ìgbà náà, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ní Scotland, 1750 ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Kì í ṣe pé ohun kan ṣẹlẹ̀ ní 1600 o. Ṣáájú àkókò yẹn, àwọn ará ibí kì í sábàá gbin igbó, nítorí náà, èyí tó bá ti wà nígbà yẹn, àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ pé fúnra rẹ̀ ló hù, látayébáyé. Gbogbo irú rẹ̀ tó ṣẹ́ kù kò ju nǹkan bí ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ Ìlú Ọba lọ.

Ẹ má wá tìtorí ẹ̀ pè é ní ẹgàn. Ẹgàn tí àwọn bàbá wa mọ̀ ni igbó tí àdá ò dé rí. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ọwọ́ èèyàn ò kúrò nínú igbó yìí: wọ́n ń gé igi ìdáná, wọ́n ń gé òpó ọgbà, wọ́n ń sun èédú, wọ́n ń da ẹlẹ́dẹ̀ wọ ibẹ̀ kó lọ jẹ èso igi oak. Ní ilé, ìbẹ̀rù ló dá igbó àtijọ́ sí. Ẹ wo igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Hẹ́kítà 75 ni, ìlú sì ti fún mọ́ ọn. Bí kì í bá ṣe ti òrìṣà, ilé alájà ni ì bá wà níbẹ̀ lónìí. Níbí, owó ló dá a sí. Igbó tó ń mú igi ìdáná wá lọ́dọọdún, kò sẹ́ni tó máa hú u dànù. Wọ́n ń gé e, ó ń hù, wọ́n tún ń gé e. Ohun tí wọn kò ṣe ni pé wọn kò hú gbòǹgbò rẹ̀, wọn kò kọ ebè síbẹ̀. Gbogbo ìdáhùn mi sí yín, abẹ́ ìyẹn ló wà: igi ibẹ̀ ṣeé gé, ilẹ̀ ibẹ̀ ni kò ṣeé gbẹ́.

Ilẹ̀ yẹn ni nǹkan àtijọ́ tí wọ́n ń tà fún yín. Àwọn igi tí ẹ rí lè máà tó 40 ọdún. Abẹ́ wọn ni okùn olú tó tín-ín-rín ju irun orí lọ ti rọ̀ mọ́ gbòǹgbò, tó ń bá igi wá omi àti oúnjẹ. Ibẹ̀ ni irúgbìn tó ti sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún wà, tó ń dúró de oòrùn. Òdòdó funfun kan wà tí wọ́n ń pè ní wood anemone, tó máa ń tan láti oṣù kẹta. Kì í sábàá fi èso tàn kálẹ̀, gbòǹgbò ló fi ń rákò, kì í sì í rìn ju nǹkan bíi mítà 2 lọ ní 100 ọdún. Tí ẹ bá bá a tó tẹ́ bí ẹní láti etí igbó dé àárín, ẹ ti mọ̀ pé kì í ṣe àná ló dé.

Mo ti jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí rí. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nínú oṣù kejì, òjò ti fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko rọ̀, mo wa katakata wọ igbó kan láti lọ fa ìtì oak kan ṣoṣo jáde. Amọ̀ ni ilẹ̀ Sussex níbẹ̀, amọ̀ tó ń lẹ̀ bí iyán àná. Táyà rì dé ìdajì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo wọlé, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo jáde. Mo padà síbẹ̀ ní ìgbà ìrúwé tó kọjá. Ojú táyà méjèèjì ṣì wà gbọnrangandan, omi dá sínú wọn, koríko etí odò ló hù síbẹ̀. Lápá ọ̀tún àti lápá òsì, òdòdó bluebell tẹ́ lọ bí ìgbà tí aró bá dà sílẹ̀, àmọ́ ẹyọ kan kò hù sójú táyà náà. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni mo ṣe níbẹ̀ o.

Ẹ wá sọ pé ẹ fẹ́ ro ó mọ́. Ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé ọ̀lẹ ló ń jẹ́ kí oko di igbó, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe oko. Igi tó wó yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ kó jẹrà. Inú igi jíjẹrà lábẹ́ ilẹ̀ ni ọmọ stag beetle, kòkòrò ńlá oníwo yẹn, ti ń lo ọdún 3 sí 7 kó tó fò jáde. Ara igi gbígbẹ tó dúró ni ẹyẹ akókó ń dá ihò sí, ihò kan náà ni àdán ń wọ̀ sùn. Ẹ̀gún tó ń ta yín lẹ́sẹ̀ yẹn, bramble, òun ni ọgbà tí kò jẹ́ kí ẹnu àgbọ̀nrín tó ọ̀mùnú igi. Dormouse náà wà, eku kékeré aláwọ̀ wúrà tó máa ń fi gbogbo ìgbà òtútù sùn. Òdòdó àti èso ẹ̀gún náà wà lára oúnjẹ rẹ̀. Òfin dáàbò bo àdán àti dormouse. Ẹni tó bá tú ibùsùn wọn ká, bó tilẹ̀ jẹ́ òun ló ni igbó, ó lè bá ara rẹ̀ nílé ẹjọ́. Ojú ọ̀nà kan tí ẹ ó máa gbà rìn, ẹ la ìyẹn. Ó tó.

Àwọn igi tó hù bí ọwọ́ ìgbálẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ padà lọ wò, torí àwọn ni ọrọ̀ igbó náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ gbá ewé gbígbẹ kúrò ní ìdí wọn. Ẹ ó rí i pé kùkùté kan ṣoṣo ni, tó ti gbó, tó ti wú, tó fẹ̀ tó mítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara rẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀pá gbọọrọ mẹ́jọ mẹ́wàá yẹn ti yọ. Ẹ ti rí i nílé rí: tí wọ́n bá gé tíìkì tàbí mẹ́línà mọ́lẹ̀, kì í kú, ṣe ló máa ń yọ ọ̀mùnú yí ká. Àwọn ará ibí sọ ọ́ di iṣẹ́, wọ́n ń pè é ní coppice. Ní agbègbè yín yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sweet chestnut, èyí tí wọ́n ń gé ní ọdún 12 sí 20 síra wọn. Hazel kì í ju ọdún 7 sí 10 lọ. Láyé ìjọ́un, òpó chestnut ni ewéko hop tí wọ́n fi ń pọn bíà ní Kent máa ń gùn. Lónìí, ọgbà ni wọ́n fi ń ṣe, torí oje inú igi náà kì í jẹ́ kó tètè jẹrà nínú ilẹ̀.

Ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé gígé yẹn ló ń fún igi lẹ́mìí gígùn. Ní Bradfield Woods ní Suffolk, àkọsílẹ̀ fi hàn pé láti 1252 ni wọ́n ti ń gé igbó náà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń gé e títí di òní. Ní Westonbirt ní Gloucestershire, igi lime kan wà tí àárín rẹ̀ ti jẹrà tán, tó ku kìkì òrùka ọ̀pá. Àwọn onímọ̀ gbà pé ó lè tó 2,000 ọdún. Tó bá jẹ́ pé wọ́n fi í sílẹ̀ kó ga ni, ìjì ì bá ti wó o tipẹ́.

Báyìí ni mo ṣe máa pín éékà 4 yín tó bá jẹ́ èmi. Ẹ dá a sí ọ̀nà 8, ìdajì éékà kọ̀ọ̀kan. Ọdún méjì-méjì, ẹ gé apá kan. Ní ọdún méjì lẹ́yìn tí ẹ bá gé ìkẹjọ, èkíní á ti pé ọdún 16, ó tún ti tó gé. Láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kẹta lẹ ó máa gé e, nígbà tí ewé bá ti wọ́ tán tí ẹyẹ kò tíì máa yé. Ẹ gé e mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ojú ibi tí ẹ gé dagun díẹ̀ sí ìta, kí omi òjò má dúró lórí rẹ̀. Oak tó dúró gangan láàárín wọn, ẹ dá a sí. Ẹ ó wá kó ẹ̀ka wẹ́wẹ́ bo kùkùté náà, torí àgbọ̀nrín. Muntjac wà níbẹ̀, èyí tí kò ju ẹtu tiwa lọ, tí wọ́n kó wá láti Éṣíà. Òru mélòó kan péré tó fún un láti jẹ gbogbo ọ̀mùnú ọdún kan tán.

Ìgbà ìrúwé kejì lẹ́yìn tí ẹ bá gé apá kan lẹ ó mọ ohun tí ẹ rà. Oòrùn á wọlẹ̀. Irúgbìn òdòdó tó ti ń sùn á jí, primrose àti violet, anemone náà á sì tan, gbogbo wọn lójú kan. Labalábá kan wà tí ọmọ rẹ̀ kì í jẹ ohun mìíràn tó ju violet yẹn lọ, pearl-bordered fritillary; ibi tí wọ́n bá ti ṣẹ̀ṣẹ̀ gé igi ló máa ń wá, débi pé àwọn agégi ayé àtijọ́ ń pè é ní ọ̀rẹ́ wọn. Ó ti di ohun àwárí báyìí, torí ọ̀pọ̀ igbó ni wọ́n ti pa tì tó sì ti ṣókùnkùn.

Ọ̀rọ̀ títà wá. Ní England, òfin gbà kí onígbó gé igi tó tó 5 cubic mítà láàárín oṣù mẹ́ta-mẹ́ta inú ọdún láìgba ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ tà ju 2 lọ nínú rẹ̀. Ọ̀pá coppice tí kò bá nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, tí ẹ bá wọ̀n ọ́n ní ibi tó ga tó mítà 1.3 sílẹ̀, kò sí nínú ìṣirò yẹn. Ẹ kíyè sí i o: chestnut tó ti pé ọdún 20 lè nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ̀wé sí Forestry Commission, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó; ọ̀fẹ́ ni ìwé àṣẹ náà, sùúrù nìkan ló ń gbà. Ẹni tó bá gé e láìgbàṣẹ, owó ìtanràn rẹ̀ kò ní òdiwọ̀n mọ́ láti 2023, wọ́n sì lè ní kó dá igi padà síbẹ̀. Tí ìjọba ìbílẹ̀ bá ti fi òfin ìdáàbòbò lé igi kan lórí, èyí tí wọ́n ń pè ní TPO, ọ̀rọ̀ mìíràn tún nìyẹn. Igi ìdáná tí kò bá tó 2 cubic mítà tí ẹ bá tà fún èèyàn ní England, omi inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ là á, ẹ sá a sábẹ́ àtíbàbà fún ọdún kan tàbí méjì. Owó ńlá kọ́ ló wà níbẹ̀. Igi tí ẹ ó fi yáná nílé yín ni, àti díẹ̀ lé e.

Ilé kíkọ́: ẹ gbàgbé ẹ̀. Ìlànà ìjọba England sọ pé kí wọ́n má fọwọ́ sí ìwé ìkọ́lé èyíkéyìí tó bá máa ba irú igbó yìí jẹ́, àfi tí ìdí rẹ̀ bá ṣàrà ọ̀tọ̀ pátápátá. Yàrá ìgbafẹ́ yín kò sí lára ìyẹn. Ahéré kékeré fún irinṣẹ́ iṣẹ́ igbó lè ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ ó kọ́kọ́ sọ fún ìjọba ìbílẹ̀ kí ẹ tó fi pákó kan lé èkejì. Tẹ́ńtì kò le: òfin fàyè gba ìlò fúngbà díẹ̀ fún ọjọ́ 28 lọ́dún. Ilá àti ẹ̀fọ́ náà, mo bẹ̀ yín, ẹ wá ilẹ̀ allotment kan sún mọ́ ilé, ìyẹn ilẹ̀ kékeré tí wọ́n ń yá èèyàn láti fi dáko. Yàtọ̀ sí ti òfin, òjìji igi kò ní jẹ́ kí ilá so níbẹ̀, ọkọ́ yín á sì ti pa ohun tó fi ọgọ́rùn-ún ọdún rìn mítà méjì.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí lọ́yà yín wo ọ̀nà tó wọ igbó náà: ṣé ti yín ni, àbí ẹ ń gba orí ilẹ̀ ẹlòmíràn kọjá? Ṣé ẹ̀tọ́ ọdẹ wà nínú ohun tí wọ́n ń tà, àbí ẹni tó tà á ṣì di í mú? Àwọn tó ń gé igbó ńlá sí wẹ́wẹ́ tà sábà máa ń ní kí ẹni tó rà á tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní gun alùpùpù níbẹ̀, òun kò ní yìnbọn eré ìdárayá, òun kò ní da àwọn aládùúgbò láàmú. Ìyẹn ni pé tí ẹ bá ń ro ayẹyẹ 70 ọdún pẹ̀lú gẹ́nẹ́rétọ̀ àti bàbá onífújì, ẹ wá gbọ̀ngàn. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ wo igi ash tó bá wà lẹ́bàá títì tàbí lẹ́bàá ọ̀nà tí ará ìlú ń gbà. Àrùn kan tí olú ń fà ni wọ́n rí lára wọn ní ìlú yìí ní 2012, ó sì ń pa wọ́n lọ rẹpẹtẹ. Igi tó bá mú máa ń gbẹ, á sì máa kán bíi bísíkíìtì. Tó bá wó lu mọ́tò, ọrùn onígbó ni wàhálà rẹ̀ lè wà. Ẹ ra ìnṣọ́ráǹsì fún ìyẹn lọ́jọ́ tí ẹ bá gba ìwé.

Ọ̀nà míì wà láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni ẹni tó ń tà á ń sọ. Máàpù àwọn igbó àtijọ́ wà lórí ìkànnì MAGIC ti ìjọba, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n tí tiyín kò bá sí níbẹ̀, ẹ má tíì pariwo: nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe àkójọ náà, wọ́n fo ọ̀pọ̀ igbó tí kò tó hẹ́kítà 2, éékà 4 yín kò sì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ rìn yí ẹ̀bá rẹ̀ ká. Tí ẹ bá rí yàrà tó ti ń dí, tí òkìtì ilẹ̀ gígùn wà ní ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀, bí irú èyí tí àwọn baba wa wà yí ìlú ká, ààlà ayé àtijọ́ nìyẹn, tí wọ́n fi ń lé ẹran ọ̀sìn sẹ́yìn kúrò lára ọ̀mùnú.

Ìgbádùn ibẹ̀ kò le rárá. Ẹ gbé àga lọ. Ẹ sun súyà, ṣùgbọ́n ojú kan ni kí ẹ máa dá iná sí, kó jìnnà sí ìdí igi. Èso chestnut máa ń jábọ́ lóṣù kẹwàá, ẹ sun ún bí àgbàdo. Olú ni kí ẹ má dán wò: èyí tó funfun tàbí tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀ tó ń hù lábẹ́ oak, tó jọ olú tí màmá yín ń sè, death cap ló lè jẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ ń pa odindi èèyàn. Tí ẹ bá sì délé, ẹ yẹ ara yín wò fún eégbọn, ní pàtàkì abíyá àti ẹ̀yìn orúnkún. Eégbọn ibí lè kó àrùn Lyme ranni. Wọ́n máa ń sọ pé kí èèyàn máa wo òrùka pupa lára, ṣùgbọ́n lára aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, òrùka náà lè má pọ́n, ó lè dà bí ojú àpá lásán. Tí ibà bá gbé yín láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí eégbọn jẹ yín, ẹ sọ fún dókítà pé inú igbó lẹ ti ń bọ̀.

Tó bá ṣeé ṣe, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á mú sùúrù di ìparí oṣù kẹrin. Ẹ padà lọ, ẹ̀yin àti ìyàwó yín, ẹ gba ojú ọ̀nà kí ẹ má tẹ bluebell, ewé rẹ̀ kì í tètè kọ́fẹ padà. Ẹ ya fọ́tò ilẹ̀, ẹ fi igi sílẹ̀: àárín igbó, etí yàrà, ìdí kùkùté mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi, màá sọ fún yín iye tí mo rò pé ó tọ́ kí ẹ san.